Àríyànjiyàn Lórí Ìtúsílẹ̀ Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Ní Ọdún 2020, Àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ Fún Àwa Ará Ẹlẹ́yẹlé

Olóòtú ìwé yìí tún ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ǹ bá kọ nípa adágún omi wa, tí wọ́n dí Odò Ọ̀nà fún ní ọdún 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo jẹ yín ní gbèsè rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, mo sì fẹ́ san án lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, bóyá kí ìjọba tú nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, tàbí kí ó há wọn mọ́ kí ìlú lè sùn.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ti Ẹlẹ́yẹlé nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ó pọ̀. Àdúgbò wa níhìn-ín ni olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ìyágànkú, tí kò jìnnà sí wa, ni kóòtù májísíréètì wà. Agodi ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Ẹni tí ó bá mọ ìgboro Ìbàdàn mọ̀ pé ọkọ̀ kan lè yí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po láàárín òwúrọ̀ kan. Àlọ rẹ̀ kò jìn rárá. Àbọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń gba ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́ta, tí ó sì máa ń gba ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́fà.

ẸWỌ̀N LÁYÉ ÀTIJỌ́

Kí òyìnbó tó dé, ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé. Ẹ̀wọ̀n ni irin tí a so kọ́ra, tí a fi ń de ènìyàn. Títí di òní, orúkọ yìí náà ni a ń pe èyí tí àwọn obìnrin ń fi sọ́rùn. Àwọn baba wa ní túbú lóòótọ́, ní ààfin àti ní ilé àwọn olóyè ńlá, ṣùgbọ́n ibi ìdúró ni, kì í ṣe ibi ìgbé. A ó fi ènìyàn sí ibẹ̀ títí àwọn àgbà yóò fi jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, ẹni tí yóò san owó ìtanràn yóò san án, ẹni tí yóò kúrò nílùú yóò kúrò, ẹni tí wọn yóò tà lẹ́rú tàbí tí wọn yóò pa, wọn yóò ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ìdájọ́ ìgbà náà sàn ju ti ìsinsìnyí. Ó le, ìkà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ènìyàn wà ní túbú fún ọdún márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún un bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, kì í ṣe àṣà àwọn baba wa.

Ẹ̀wọ̀n onílé, tí a ń ka oṣù àti ọdún nínú rẹ̀, ìjọba òyìnbó ni ó gbé e dé, lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street ní Èkó ti di ọgbà ìgbafẹ́ lónìí. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn wọ àwọn ìlú wa gbogbo.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé e wá mọ̀ dáadáa pé ọ̀rẹ́ ni àrùn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní ìlú Oxford ní ọdún 1577, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá sí kóòtù fún ìdájọ́. Ibà tí ó jà ní kóòtù náà pa adájọ́ tí ó jókòó, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá gbọ́ ẹjọ́. Ní ọdún 1750, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní London, ní kóòtù Old Bailey: ibà tí ó ti inú ẹ̀wọ̀n Newgate wá pa olórí ìlú náà pẹ̀lú àwọn adájọ́. Àwọn tí ó jókòó lórí àga kú pẹ̀lú àwọn tí a dè ní irin. Àrùn kò mọ ẹni tí ń dájọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó wọ Èkó. Kí oṣù kẹta tó parí, a ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ ti kéde pé àrùn náà wà lára òun, òfin kónílé-ó-gbélé sì ti dé Ìbàdàn láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Àwọn oníṣègùn ní kí a fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí ara wa, kí a máa fọ ọwọ́, kí a sì lo ìbòmú.

Nígbà náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: ta ni yóò fi ẹsẹ̀ mẹ́fà jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀ nínú yàrá tí ènìyàn mélòó kan ti ń pín ẹní kan? Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, Michelle Bachelet, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, rọ gbogbo ìjọba pé kí wọ́n tú àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn àti àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kéré sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ìráànì ti tú bí 85,000 sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, Ààrẹ ilẹ̀ Gánà dárí ji ẹlẹ́wọ̀n 808.

Ti Nàìjíríà wáyé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó ti ṣe gómìnà Ọ̀ṣun rí, tí ó sì jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí i pé kí a tú ẹlẹ́wọ̀n 2,600 sílẹ̀. Ó ka irú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn: àwọn tí ó ti pé ọmọ 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí àìsàn tí ó lè já sí ikú ń bá jà, àwọn tí orí wọn kò pé, àwọn tí a dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, tí ó sì ku oṣù tí kò tó mẹ́fà kí wọ́n parí rẹ̀, àti àwọn tí owó ìtanràn tí kò ju N50,000 lọ há mọ́ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí tí mo kà gbẹ̀yìn, nítorí n ó padà sí i. Adigunjalè, apànìyàn, ajínigbé, afipábánilòpọ̀ àti agbésùnmọ̀mí kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń kéde ni ìdènà dé. Òfin ilẹ̀ wa fún Ààrẹ ní agbára láti dárí ji ẹni tí ó ṣẹ òfin ìjọba àpapọ̀. Gómìnà ni ó ní agbára lórí ẹni tí ó ṣẹ òfin ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n, òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọgbà tí ó sì ń bọ́ wọn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a kà ni ó lè jáde lọ́jọ́ náà; àwọn kan ní láti dúró de ọ̀rọ̀ gómìnà wọn.

Ní oṣù náà kan náà, Ààrẹ kọ ìwé sí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè, Tanko Muhammad, pé kí àwọn kóòtù wo ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti lo ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgbọ́ ìdájọ́. Iye tí ó wà nínú ìwé náà ni pé ènìyàn 74,127 ni ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri ilẹ̀ wa, 52,226 nínú wọn ni ó sì ń retí ìdájọ́. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún wọn jọ, bí àádọ́rin ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Nígbà tí mo ka iye yìí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò. N kò rò ó gẹ́gẹ́ bí ènìyàn.

OHUN TÍ A SỌ NÍ ÀDÚGBÒ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tí ó tako ìtúsílẹ̀ náà kò ní ìdí. Ìdí wọn tó. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní, ni àwọn gómìnà wa ti pé jọ sí Ìbàdàn láti ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, nítorí pé ọkàn ará ìlú kò balẹ̀ lójú ọ̀nà àti lóko. Ní oṣù kẹrin yẹn gan-an, nígbà tí a ti àwọn ènìyàn mọ́lé ní Èkó àti ní Ògùn, ìròyìn àwọn ọmọ ìta tí ó ń já wọ ilé gba ìgboro kan. Àwọn ènìyàn Agége àti Sàngó Ọ̀tà ń jó táyà lóru, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò wọn pẹ̀lú àdá àti igi. Ẹni tí wọ́n ti fọ́ ilé rẹ̀ rí, bí a bá sọ fún un pé a fẹ́ tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ojú àpá rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ. Opó tí adigunjalè pa ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi ìjọba léèrè pé àánú ta ni ó ń ṣe.

Ní àdúgbò mi, àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ àwọn onílé dúró jìnnà síra ní iwájú ìsọ̀ kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jíròrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ náà wá, gbogbo wa sì fi ohùn sí i pé kò dára. Èmi ni akọ̀wé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé pé: "A pinnu pé kí ìjọba má ṣe tú ọ̀daràn kankan sílẹ̀ ní àkókò yìí." Èmi pàápàá sọ pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan, a ti ṣí i fún gbogbo wọn nìyẹn.

Ìyá ẹlẹ́kọ tí ó ni ìsọ̀ náà ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí àsìkò kónílé-ó-gbélé tó tó. Ó gbọ́ ohun tí mo kà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tèmi ńkọ́? Ṣé ọ̀daràn ni ẹ kọ ọ́ síbẹ̀?"

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ọmọ náà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n ti kó o pẹ̀lú àwọn mìíràn níbi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ ní alẹ́, tí wọ́n ní fóònù ẹnì kan sọnù. Wọ́n gbé e dé kóòtù, kóòtù sì gbà kí a gba onídùúró rẹ̀, ṣùgbọ́n onídùúró tí wọ́n béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó ní ìwé. Ìyá ẹlẹ́kọ kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa tí a dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, onílé ni gbogbo wa.

Mo pa ìwé mi dé. N kò pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ Ẹ̀DÁ Ń GBÀ JÁDE

Ìtàn ìlú wa fi hàn pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn ń gbà jáde ní ọgbà ẹ̀wọ̀n láàyè: ẹnu-ọ̀nà, tàbí ara ògiri. Ẹni tí ó bá gba ẹnu-ọ̀nà jáde ní ìwé lọ́wọ́. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, a mọ ilé tí ó ń lọ, bí ó bá sì tún ṣẹ̀, a mọ ibi tí a ó ti wá a. Ẹni tí ó gba ara ògiri jáde kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbàdàn ti rí ti ara ògiri. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, nígbà ogun Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti sú já wọ ọgbà Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Kì í ṣe àwọn àgbẹ̀ nìkan ni ó bá wọn jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, rògbòdìyàn tún bẹ́ nínú ọgbà náà, ẹ̀mí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì lọ sí i. Ní ọdún Kòrónà gan-an, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Pademba Road ní Freetown, ilẹ̀ Sàró, gbọ́ pé àrùn náà ti wọ àárín wọn, wọ́n fa wàhálà, wọ́n dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọgbà náà, tí a kọ́ fún ènìyàn 324, ní ju ẹgbẹ̀rún kan lọ nínú.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ sórí ni ti Abọ́lọ́ńgọ́, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn fi ohun abúgbàmù fọ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ tí ń ṣọ́ ọgbà ti kéde, ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ènìyàn 160. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ènìyàn 907 ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú 907 yìí, 64 péré ni kóòtù ti dá lẹ́jọ́. 843 ni ó ń retí ìdájọ́. Àwọn tí ó ń retí ìdájọ́ yìí ni a lé jáde, iye wọn ju 800 lọ. Àwọn tí kóòtù ti dá lẹ́bi àti àwọn obìnrin kò kúrò ní yàrá wọn. Wọ́n rí púpọ̀ mú padà, ọ̀pọ̀ ni wọn kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ní ọdún 2020, a jà pé kí a má ṣe tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí ààbò ìlú. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ju 800 jáde ní ìpínlẹ̀ wa lóru ọjọ́ kan. Kò sí adájọ́ tí ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó dájú pé adigunjalè wà nínú wọn. Ó sì dájú pé irú ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ wà nínú wọn. Ta ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀? Kóòtù nìkan ni ó lè yà wọ́n, kò sì tíì ṣe é. Ìdádúró ìdájọ́ tí a rò pé ó ń dáàbò bò wá ni ó da ìkookò pọ̀ mọ́ àgùntàn nínú agbo kan, tí agbo náà fi kún dé orí ògiri. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, àṣìṣe wa kì í ṣe pé a bẹ̀rù. Ẹni tí kò bẹ̀rù olè kò ní ilé. Àṣìṣe wa ni pé a pe gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri ní orúkọ kan ṣoṣo. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ "ọ̀daràn" níbi tí ó yẹ kí n kọ "ẹni tí ń retí ìdájọ́".

OHUN TÍ Ó KÙ TÍ A LÈ ṢE

Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ kò sí lára àwọn 2,600, nítorí a kò tíì dá a lẹ́jọ́ tí a ó fi dárí jì í. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: bí ó bá ti jẹ̀bi, ìbá ti lo ìyà rẹ̀ tán. Ó padà wálé ní ọdún 2021. Ẹlẹ́rìí kò wá, kóòtù sì da ẹjọ́ náà nù. Ẹnu-ọ̀nà ni ó gbà jáde, ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ nítorí fóònù tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn pé ó mú. Nígbà tí ó wá kí mi, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. N kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí.

Òfin ti yí padà díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2019 sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì fún ọ̀gá ọgbà ní àyè láti kọ̀ láti gba ènìyàn sí i bí ọgbà rẹ̀ bá ti kún. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, a tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n sì kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ náà ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣe òfin lórí rẹ̀. Àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ sì ní agbára tipẹ́ láti bẹ ọgbà wò, kí wọ́n sì tú ẹni tí a há mọ́ ibẹ̀ láìtọ́ sílẹ̀. Àwọn tí a dìbò fún ni kí a bi léèrè ohun tí wọ́n ń fi àwọn agbára wọ̀nyí ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a tó bi ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ àdúgbò wa tí ó wà ní àhámọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ yóò tún wáyé. Èkejì, kí onílé márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wa gbà láti máa dúró fún ọmọ tí a mọ ilé rẹ̀, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò sì wúwo, lẹ́yìn tí a bá ti wádìí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ní ọdún 2020, ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn kan wà lẹ́wọ̀n nítorí N50,000 tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ń fi owó ránṣẹ́ fún kànga àti fún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́, a dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa san owó agbẹjọ́rò àti owó ìtanràn fún ẹni tí kò ní. Kì í ṣe àánú nìkan ni. Ààbò ìlú ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti ẹnu-ọ̀nà jáde, tí ó sì bá ènìyàn rẹ̀ níta, kì í sábà fẹ́ padà síbẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ìtàn kì í fa ìwé ya, nítorí náà n kò ní pa ohun tí mo kọ rẹ́ títí láé. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́: "Ìyá ẹlẹ́kọ béèrè ọmọ rẹ̀. A kò dá a lóhùn."

Ìwé yìí ni ìdáhùn tèmi. Ó ku ti ẹgbẹ́. Kí Elédùmarè jẹ́ kí Ẹlẹ́yẹlé máa gbèrú, kí ó má sì jẹ́ kí a sọ ọmọ wa nù sí ibi tí a mọ̀. Àmín.